Láfún Tí Màmá Yìn: Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú ní Ilé Oúnjẹ Kan ní Abẹ́òkúta

Nígbàkúùgbà tí èmi àti ìdílé mi bá ti Kánò wá sí Abẹ́òkúta, oúnjẹ ọwọ́ màmá mi ni a máa ń jẹ láti ọjọ́ tí a bá ti dé títí di ọjọ́ tí a óò padà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún àbúrò mi obìnrin pé n kò fẹ́ kí màmá dúró nídìí ààrò lọ́jọ́ Àìkú, nítorí pé wọ́n ti pé ọmọ ọdún 78, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Àbúrò mi ní òun mọ ilé oúnjẹ kan tí kò jìnnà sí Kútọ̀, níbi tí òun àti àwọn ará ibi iṣẹ́ òun ti máa ń jẹun ọ̀sán, ó sì dá a lójú pé láfún ibẹ̀ yóò tẹ́ màmá lọ́rùn. Àwa méje ni a lọ: màmá, èmi àti ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà níhìn-ín, nítorí mo fẹ́ sọ àléébù rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ sọ ibi tó dára sí, n kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé tó sì fẹ́ mú òbí rẹ̀ jáde lọ jẹun ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fi wọn ilé oúnjẹ náà, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹni tó dàgbà jù lọ nínú wa, àti bóyá oúnjẹ ilé tí a torí rẹ̀ jáde ni wọ́n gbé fún wa ní tòótọ́.

Ilé alájà ni. Òkè ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tó bá mú ìdílé wá, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn àga onítìmùtìmù wà. Nígbà tí ọmọdébìnrin tó gbà wá lálejò ní kí a máa gòkè, mo wo àtẹ̀gùn náà, mo kà á, ó jẹ́ 19, kò sì sí ọ̀pá tí ènìyàn lè dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlú òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Abẹ́òkúta, a kì í sì í fi àtẹ̀gùn dẹ́rù bà wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gun Olúmọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kò ní kí òun tún máa gun òkè nítorí oúnjẹ ọ̀sán lẹ́ni ọdún 78. Màmá dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, níbi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ni n ó jókòó.” A wá rí tábìlì gígùn kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ilé ìdáná. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, fáànù kan ṣoṣo ló ń yí lórí wa, àmọ́ a ń gbọ́ ìró orógùn nínú ìkòkò, òórùn irú sì ń wá bá wa níbi tí a jókòó sí. N kò lè fi ibẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú òkè. Orin tí wọ́n ń lù ga ju ohun tí àgbàlagbà lè fara dà lọ. Ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín ohùn rẹ̀ kù, wọ́n sì dín in kù lójú ẹsẹ̀ láìkùn.

Láfún ni màmá ní kí wọ́n bá òun rò, pẹ̀lú ewédú, ọbẹ̀ ata àti ẹja. Ó yẹ kí n sọ pé màmá ta èlùbọ́ láfún ní Ìtòkú fún nǹkan bí ọdún 20 kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi láfún tan wọ́n jẹ. Ní ilé wa, bí èlùbọ́ bá ti wọlé, ọwọ́ màmá ló kọ́kọ́ ń wọ inú rẹ̀, wọn á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rin ín láti mọ̀ bóyá iyanrìn wà nínú rẹ̀, wọn á sì gbé e sí imú.

Àwọn kan máa ń pe láfún ní àmàlà funfun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àmàlà iṣu. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn á bó ẹ̀gẹ́ náà, wọn á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan díẹ̀, wọn á fún omi rẹ̀ dànù, wọn á rún un wẹ́wẹ́, wọn á sì sá a sóòrùn kí ó gbẹ táútáú kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá rí àǹfààní lára àpáta nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé orí àpáta tó tẹ́jú ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ti ń sá láfún. Òkúta á máa gbóná láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń pa ẹ̀gẹ́ náà láti òkè. Èyí tí wọ́n bá sá sí ẹ̀bá títì máa ń kó iyanrìn àti eruku ọkọ̀. Èyí tí òjò bá ká mọ́ orí àpáta kò ní gbẹ bọ́rọ̀, á bu, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, á sì ní òórùn kan tí ata kankan kò lè bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bí láfún ṣe ń rùn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: láfún tó dára ní òórùn kíkan díẹ̀ tó mọ́ tónítóní, kò sì ní òórùn mìíràn mọ́.

Nígbà tí láfún màmá dé, wọ́n tú ọ̀rá lára rẹ̀, wọ́n bù ú kékeré, wọ́n sì jẹ ẹ́ láìfi kan ọbẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, “Láfún ẹ̀ẹ̀rùn ni èyí. Ẹni tó rò ó náà sì mọ ọ̀n rò.” N kò tíì gbọ́ kí màmá yin láfún tí ẹlòmíràn rò rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí mo bù díẹ̀ nínú rẹ̀ tọ́ wò, mo rí ohun tí wọ́n rí. Kò sí kókó kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé omi hó dáadáa kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i. Kò fà mọ́ni lọ́wọ́, ìyẹn ni pé wọ́n tún bomi sí i, wọ́n sì dé e kí ó jinná lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rò ó, dípò kí wọ́n kàn dì í sínú ọ̀rá bó ṣe yí padà tán. Ó jọ̀lọ̀, ó sì gbóná títí tí a fi jẹ ẹ́ tán. Ewédú tó bá a wá náà bá a mu: ìjábẹ̀ ni wọ́n fi já a, nítorí a ṣì ń rí ewé tóótòòtó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fi káún pa á débi tí adùn rẹ̀ yóò fi dà bí ọṣẹ. Wọ́n bi wá bóyá a fẹ́ gbẹ̀gìrì, bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n màmá ní ewédú àti ọbẹ̀ ata ti tó láfún.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, tí a bí sí Kánò, wo ohun tó wà nínú àwo ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì sọ fún mi pé, “Bàbá, túwó ni.” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n ní, “Túwó ni lọ́dọ̀ tiyín. Níbí, láfún là ń pè é. Fi ṣíbí yẹn sílẹ̀, fọwọ́ bù ú.” Ó fọwọ́ bù ú, ewédú kán sí aṣọ rẹ̀, ó sì jẹ nǹkan bí ìdajì àwo náà mọ́ màmá lọ́wọ́. Mo ti ń wá bí ọmọ náà yóò ṣe mọ oúnjẹ ilé wa láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, mo lè dárí ọ̀pọ̀ nǹkan ji ilé oúnjẹ náà.

Ọ̀kan wà tó ṣòro fún mi láti dárí jì wọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwo màmá ló dé kẹ́yìn. Ìrẹsì àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, lẹ́yìn náà ni tèmi, lẹ́yìn náà ti ìyàwó mi, a sì tún dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí láfún màmá tó jáde. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan oúnjẹ nínú wa, nítorí pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, ọmọ kì í fọwọ́ sínú àwo kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ wa sì ń tutù lójú wa. Màmá ń rọ̀ wá pé kí a máa jẹun, àwa náà ń ní rárá, títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni màmá fúnra wọn bí ẹni pé àwọn ló ń dá wa dúró. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ọmọdébìnrin náà, ó fèsì pé èyí tó bá kọ́kọ́ jinná ni wọ́n ní kí òun máa gbé jáde. Ẹjọ́ kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni kò sọ fún un pé tábìlì tí àgbàlagbà bá wà kì í ṣe tábìlì àwọn ọ̀dọ́ tó wá panu láàárín iṣẹ́. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa láti ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé láfún náà jáde pẹ̀lú omi ìfọwọ́ àti aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú màmá, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Àwa la jẹ̀bi.” Màmá ní kí ó dìde, wọ́n sì súre fún un. Ó tún kó àwo àwa yòókù lọ láti lọ gbé wọn kaná, láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Mo mọrírì ìyẹn gidigidi, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kí ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni òun yóò wà nítòsí láti kúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fadà ló kàn, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́. Èmi, ọkọ àbúrò mi àti ọmọkùnrin mi ni a béèrè ìrẹsì ọ̀fadà. Lára ìlú Ọ̀fadà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ni ìrẹsì náà ti gba orúkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ka jíjẹ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta sí jíjẹ ẹ́ nílé rẹ̀. Hóró rẹ̀ kúrú, ó sanra, wọn kì í sì í bó o títí yóò fi funfun, nítorí náà àwọ̀ pupa máa ń wà lára rẹ̀. Òórùn tí àwọn kan ń ráhùn nípa rẹ̀ wá láti inú rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó bọ̀ ọ́. Òórùn náà gan-an ni èmi wálé wá gbọ́.

Ohun tí wọ́n gbé fún wa kì í ṣe ọ̀fadà lódindi. Ọkọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i: láàárín àwọn hóró kúkúrú náà, hóró gígùn funfun wà níbẹ̀ tí kò lè ju ìrẹsì lásán lọ. A ṣà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ àwo, wọn kò kéré. Nígbà tí mo béèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bu oúnjẹ kò parọ́ fún mi, ó ní àwọn pò ó pọ̀ nítorí pé ọ̀fadà ti wọ́n jù lọ́jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òtítọ́ rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀fadà wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, láti orí rírẹ àti bíbọ̀ títí dé ṣíṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 3,500 náírà ni wọ́n gbà lórí àwo kan, nígbà tí ìrẹsì funfun tí àwọn tábìlì kejì ń jẹ jẹ́ 1,800 náírà. Bí wọ́n bá fẹ́ po ó, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé àpòpọ̀ ni, kí wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù, oníkálùkù yóò wá yan èyí tí ó bá wù ú.

Màmá kò jẹ nínú ìrẹsì náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá wọn ta ìrẹsì ní ọjà ìlú yìí, wọ́n sì dàgbà sínú ìtàn bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú fún, tó di Abeokuta Women's Union lọ́dún 1946, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde títí tí wọ́n fi dáwọ́ gbígba ìrẹsì náà dúró. Màmá ní ìrẹsì tí àwọn ìyá àwọn tìtorí rẹ̀ dìde kì í ṣe ohun tó yẹ kí obìnrin Ẹ̀gbá máa bù mọ́ òmíràn tà. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyá olóúnjẹ sì tẹ́tí sí wọn.

Ewé eéran wà nídìí ìrẹsì náà, bí ènìyàn ṣe ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ìyẹn kò ṣe ewé lóore, kò sì ṣe ìrẹsì lóore. Gbígbóná ni ó yẹ kí wọ́n ti di ìrẹsì náà sínú ewé, kí ooru fi òórùn ewé náà kún inú rẹ̀ kí a tó tú u lórí tábìlì. Bí wọ́n bá kàn fi ewé tútù sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ata tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀, ní tirẹ̀, kò ní àléébù kan tí mo lè tọ́ka sí. Ata rodo tútù àti tàtàṣé tútù ni wọ́n lọ̀ pọ̀, wọn kò lọ̀ ọ́ kúnná jù. Wọ́n yọ́ epo pupa náà títí ó fi yí àwọ̀ padà, wọ́n sì ní sùúrù kí ó tutù díẹ̀ kí wọ́n tó da àlùbọ́sà sí i, nítorí kò sí adùn jíjó kankan nínú rẹ̀. Irú wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n lò. Pọ̀nmọ́, ṣàkì àti ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò pọn dandan kí a tún ra ẹran lọ́tọ̀. Ó ta, ọmọkùnrin mi mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta kí ó tó jẹ àwo rẹ̀ tán, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun jẹ ẹ́.

Ìgbín tí ìyàwó mi rà le, ó sì ń fà bíi rọ́bà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára. Mínírà tutù. Ilé ìtura wọn mọ́, omi ń yọ nínú rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì ní àtẹ̀gùn, ohun tí ẹni tó bá mú àgbàlagbà wá yóò fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a máa sanwó, wọ́n kọ pọ̀nmọ́ mẹ́rin sínú ìwé wa dípò méjì. Wọ́n yọ ọ́ nígbà tí mo fi hàn wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 34,600 náírà fún àwa méje, owó tí mo rí pé ó tọ́ sí ohun tí a jẹ, àyàfi ti ọ̀fadà náà. Ẹ̀rọ POS wọn kò ṣiṣẹ́. Mo fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, a sì dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó rí i pé ó wọlé, màmá sì wà lórí ìdúró ní gbogbo àsìkò náà nítorí wọn kò fẹ́ tún padà jókòó. Kí ẹni tó bá ń lọ mú owó dání. Bí ẹ bá sì ń mú ìyá tàbí bàbá lọ, ẹ béèrè tábìlì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí láfún jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa béèrè, ẹ sì sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwo àgbà ni kí ó kọ́kọ́ dé.

Bí a ṣe fẹ́ jáde, màmá pe ìyá olóúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bi í níbi tó ti ń ra èlùbọ́. Ó dárúkọ abúlé kan lọ́nà Ọ̀bàntokò, ó sì sọ bí obìnrin tó ń tà á fún un ṣe máa ń tọ́jú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pa mọ́ di ìgbà òjò. Àwọn méjèèjì dúró sọ̀rọ̀ lórí èlùbọ́ fún ìgbà pípẹ́ débi pé àwọn ọmọ ti wọ inú ọkọ̀ lọ jókòó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi bá màmá ra kóńgò mẹ́rin wá láti abúlé náà. Méjì nínú rẹ̀ ni a gbé wọ ọkọ̀ ojú irin ní Làdẹ́rin lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ a gbé e dé Kánò.